Ohùn Nìkan Ni Wọ́n Ń Gbọ́: Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò Orí Fóònù fún Àwọn Tó Ń Kọ Kóòdù

Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò orí fóònù ni ọ̀rọ̀ àsọyé ti ọ̀sẹ̀ yìí, èyí tí àwọn ilé iṣẹ́ máa ń ṣe fún àwọn tó ń kọ kóòdù kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó gbà wọ́n síṣẹ́.

Kóòdù ni àṣẹ tí èèyàn ń kọ fún kọ̀ǹpútà, ìlà kan lẹ́yìn ìlà kan. Nígbà tí ìyá ọlọ́jà kan ní Igolo, lẹ́bàá bodè Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà, bá fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù sí ọmọ rẹ̀ ní Kútọnu, kóòdù tí ẹnì kan jókòó kọ ló gbé owó náà débẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ kò ní láti máa gbé nítòsí ilé iṣẹ́ tó gbà á. Ó lè wà ní Igolo kí ọ̀gá rẹ̀ wà ní Paris, ní Èkó tàbí ní Toronto. Torí náà, irú àwọn ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í sọ pé kí ẹni tó ń wáṣẹ́ wọkọ̀ wá kí àwọn wò ó. Wọ́n á pè é lórí fóònù.

Kí wá ni wọ́n ń wá nínú ìpè náà? Wọ́n fẹ́ gbọ́ bí èèyàn ṣe ń ronú. Yorùbá ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Àmọ́ lórí fóònù, kò sí ojú. Olùbéèrè kò rí ẹni tó ń họ orí, kò rí ẹni tó ń ya àwòrán sórí bébà. Bí ẹni tó ń wáṣẹ́ bá dákẹ́ láti ronú, ẹni tó wà lódì kejì kò mọ̀ pé ó ń ronú. Ó lè rò pé kò mọ̀ ọ́n ni. Ó tilẹ̀ lè rò pé ìpè ti já. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó mọṣẹ́ dunjú ni iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ wọn nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn. Bẹ́ẹ̀, wọ́n mọ ìdáhùn o. Wọn ò kàn jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ̀nà tí wọ́n gbà dé ibẹ̀ ni.

Ìpè yìí kì í sábà jẹ́ ẹyọ kan. Èyí àkọ́kọ́ máa ń wá láti ọwọ́ ẹni tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ láti wá òṣìṣẹ́, tó ṣeé ṣe kí òun fúnra rẹ̀ má mọ kóòdù kọ. Iṣẹ́ wo ni ẹni náà ti ṣe rí? Ìgbà wo ló lè bẹ̀rẹ̀? Èló ló fẹ́ máa gbà lóṣù? Kì í pẹ́, bí ìdajì wákàtí ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè owó yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ẹni tó bá fi ìtìjú dárúkọ iye tó kéré jù níbẹ̀, iye yẹn ni wọ́n máa dì mú dé ìparí. Ó sàn kí èèyàn ti wádìí iye tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń mú wọlé kí ìpè tó dé.

Ìpè kejì ni ti oníṣẹ́ gan-an. Ẹni tó ń kọ kóòdù lójoojúmọ́ ló ń pè, ó sì máa ń tó wákàtí kan. Wọ́n á jọ ṣí ojú ìwé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bíi Google Docs tàbí CoderPad. Ohun tí ẹni tó ń wáṣẹ́ bá tẹ̀ ní Igolo, olùbéèrè á máa rí i lójú ẹsẹ̀ níbi tó wà. Ọ̀rọ̀ ń lọ lórí fóònù, ọwọ́ ń tẹ kóòdù. Ẹni tó bá yege níbẹ̀ ló máa bọ́ sí ìpele tó kù, níbi tí ó ti lè bá èèyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àwọn nǹkan kéékèèké kan wà tó máa ń ba iṣẹ́ jẹ́ kí ìpè tó wọlé rárá. Ọ̀kan ni nọ́ńbà fóònù. Láti ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2024, nọ́ńbà oní-mẹ́jọ ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Bẹ̀nẹ̀. Oní-mẹ́wàá ló kù, 01 ló sì ń ṣíwájú nọ́ńbà àtijọ́. Ṣé ẹ̀yin tí ẹ ń wáṣẹ́ ti yí èyí tó wà lórí CV yín padà? Ẹni tó bá fi nọ́ńbà àtijọ́ sílẹ̀, ìpè láti òkè òkun kò ní bá a. Ilé iṣẹ́ á kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn pè é, kò gbé e, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀.

Aago ni ìkejì. Aago Bẹ̀nẹ̀ àti ti Nàìjíríà dọ́gba, ẹni tó bá kọjá sí Ìdí-Ìrókò lódì kejì bodè kò ní yí aago ọwọ́ rẹ̀ padà. Ti Paris dọ́gba pẹ̀lú ti Igolo nígbà òtútù wọn, àmọ́ ó máa ń fi wákàtí kan ṣíwájú nígbà ooru wọn. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ní New York jẹ́ aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ní Igolo nígbà òtútù níbẹ̀, ó sì jẹ́ aago mẹ́ta ọ̀sán nígbà ooru. Ẹni tí wọ́n bá fún ní aago kan, kó béèrè pé aago ìlú wo ni. Ìbéèrè yẹn kì í bí ẹnikẹ́ni nínú.

Ó dára. Ìpè ti wọlé. Kí ni wọ́n máa ń béèrè?

Ará Amẹ́ríkà kan wà, Steve Yegge, tó ṣiṣẹ́ ní Amazon kó tó lọ sí Google. Ó kọ àpilẹ̀kọ kan lórí ìpè yìí, àwọn tó ń gba èèyàn síṣẹ́ sì kà á gan-an. Lójú tirẹ̀, kí ẹni tó ń wáṣẹ́ kọ kóòdù kékeré kan. Kó ṣàlàyé bí ó ṣe máa pín ètò ńlá sí apá kéékèèké tó ń bá ara wọn ṣiṣẹ́. Kó sọ bí ó ṣe máa wá ọ̀rọ̀ kan rí láàárín ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ fáìlì. Kó mọ oríṣiríṣi ọ̀nà tí wọ́n ń gbà to ìsọfúnni pa mọ́, kó sì mọ bí kọ̀ǹpútà ṣe ń fi òdo àti ení nìkan ka òǹkà. Ó ti pẹ́ tí Yegge ti kọ ọ́, síbẹ̀ ohun tí wọ́n ń béèrè títí di òní kò jìnnà sí i.

Ìbéèrè kan tó gbajúmọ̀ fún ìbẹ̀rẹ̀ ni FizzBuzz. Ọdún 2007 ni Imran Ghory kọ nípa rẹ̀ tó fi di ohun tí gbogbo èèyàn mọ̀. Kí kọ̀ǹpútà ka láti ení dé ọgọ́rùn-ún. Tó bá kan nọ́ńbà tí ẹẹ́ta pín dọ́gba, kó sọ pé Fizz. Tó bá kan èyí tí àárùn-ún pín dọ́gba, kó sọ pé Buzz. Èyí tí méjèèjì bá pín, kó sọ pé FizzBuzz. Ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè fẹnu ṣe é. Síbẹ̀ ohun tí Ghory rí ni pé ọ̀pọ̀ àwọn tó gboyè nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà kò lè kọ ọ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Nígbà kan rí, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tún máa ń pa àlọ́ fún àwọn tó ń wáṣẹ́. Bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù mélòó ló lè kún inú ọkọ̀ òfuurufú? Ní ọdún 2013, Laszlo Bock, tó jẹ́ ọ̀gá lórí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní Google nígbà náà, sọ fún ìwé ìròyìn New York Times pé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ń fi àkókò ṣòfò, kò sì fi hàn bóyá èèyàn máa ṣiṣẹ́ dáadáa. Òótọ́ ló sọ. Ìbéèrè tó jẹ mọ́ iṣẹ́ ló gbapò rẹ̀ nísinsìnyí níbi púpọ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kan, ká wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Olùbéèrè ní: nọ́ńbà fóònù ẹgbàárùn-ún, ìyẹn 10,000, wà nínú àkójọ kan. Ọ̀kan nínú wọn wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Kọ kóòdù tó máa wá a rí.

Ẹnì kan gbọ́ ìbéèrè yìí, ó ní "ó dáa", ó sì dákẹ́. Ìṣẹ́jú kan. Ìṣẹ́jú méjì. Ó ń tẹ nǹkan, ó ń pa á rẹ́. Olùbéèrè ń gbọ́ ariwo bọ́tìnnì. Lẹ́yìn-ọ-rẹyìn, ẹni náà ní òun ti parí. Kóòdù náà ṣiṣẹ́. Àmọ́ kí ni olùbéèrè fẹ́ kọ sínú ìwé rẹ̀? Kò gbọ́ àlàyé kankan. Kò mọ̀ bóyá ẹni náà rò ó ni àbí ó ti há a sórí tẹ́lẹ̀. Kò mọ̀ bóyá ó lè bá ẹlòmíràn ṣiṣẹ́ pọ̀.

Ẹnì kejì gbọ́ ìbéèrè kan náà. Òun kọ́kọ́ béèrè tirẹ̀ ná. Ṣé wọ́n ti to àwọn nọ́ńbà náà létòlétò? Ṣé ọ̀kan péré ló fara hàn lẹ́ẹ̀mejì, àbí wọ́n lè ju bẹ́ẹ̀ lọ? Ṣé ohun tó máa yára ni ilé iṣẹ́ fẹ́, àbí ohun tí kò ní gba àyè púpọ̀ nínú kọ̀ǹpútà? Abéèrè kì í ṣìnà. Púpọ̀ nínú àwọn ìbéèrè yìí ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀ láìsọ, kí wọ́n lè mọ ẹni tó máa béèrè.

Ó wá ń sọ̀rọ̀ bó ṣe ń rò ó. Ó ní ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí òun mú nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, kí òun fi í wé gbogbo àwọn tó kù. Ó máa ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó máa lọ́ra: nọ́ńbà ẹgbàárùn-ún á gba ìfiwéra tó sún mọ́ mílíọ̀nù lọ́nà àádọ́ta. Ó ní ọ̀nà kejì ni kí òun kọ́kọ́ tò wọ́n láti kékeré dé ńlá. Tí wọ́n bá ti tò tán, àwọn méjì tó jọra á dúró síra wọn, wíwo ẹ̀gbẹ́ ara wọn á sì ti tó. Ó ní ọ̀nà kẹta ni kí òun ní ibì kan tí òun á máa kọ èyí tí òun bá ti rí sí. Nọ́ńbà tó bá dé, òun á wò ó bóyá ó ti wà níbẹ̀. Bó bá ti wà níbẹ̀, ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́ nìyẹn. Ọ̀nà kẹta yìí kò ní wo nọ́ńbà kankan ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ohun tó máa gbà ni àyè nínú kọ̀ǹpútà.

Ó béèrè bóyá kí òun kọ ẹ̀kẹta náà. Olùbéèrè ní kó kọ ọ́. Bó ṣe ń tẹ ìlà kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ ohun tí ìlà náà ń ṣe. Nígbà tó parí, kò tíì sọ pé òun ṣetán. Ó ní kí òun dán an wò ná. Bí àkójọ náà bá ṣófo ńkọ́? Bí nọ́ńbà kan ṣoṣo bá wà níbẹ̀ ńkọ́? Bí ẹnì kan bá fi àlàfo sáàárín nọ́ńbà, tí ẹlòmíràn kò fi sí i, ṣé kọ̀ǹpútà á mọ̀ pé ọ̀kan náà ni wọ́n? Ẹni yìí lè ṣe àṣìṣe nínú kóòdù rẹ̀, kí ó gbàgbé àmì kan síbì kan. Síbẹ̀, olùbéèrè á fẹ́ràn rẹ̀ ju ẹni àkọ́kọ́ lọ. Ìdí ni pé ó gbọ́ ìrònú rẹ̀ láti òkè délẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dara pọ̀ mọ́ wa, ẹ káàbọ̀. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò orí fóònù fún àwọn tó ń kọ kóòdù ni a wà lórí rẹ̀. Kókó rẹ̀ ni pé olùbéèrè kò rí ojú ẹni tó ń wáṣẹ́, torí náà ìrònú gbọ́dọ̀ jáde lẹ́nu.

Ṣùgbọ́n ó ha rọrùn bẹ́ẹ̀? Kò rọrùn rárá. Ríronú nígbà tí ẹlòmíràn ń gbọ́ máa ń dá àyà èèyàn já. Ní ọdún 2020, àwọn olùwádìí ní yunifásítì North Carolina State pẹ̀lú Microsoft ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde lórí èyí. Wọ́n fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ 48 ní ìbéèrè kóòdù kan náà. Àwọn kan dáhùn níwájú olùbéèrè, tó ń wò wọ́n tó sì ń gbọ́ wọn. Àwọn tó kù dá wà nínú yàrá. Àwọn tí wọ́n ń wò kò ṣe tó ìdajì ohun tí àwọn tó dá wà ṣe. Èyí tó tún burú jù níbẹ̀: nínú àwọn obìnrin, kò sí ẹyọ kan tó yege nínú àwọn tí wọ́n ń wò, bẹ́ẹ̀ gbogbo àwọn obìnrin tó dá wà ló yege. Ìbéèrè kò yí padà o. Ojú tó ń wò wọ́n ni ìyàtọ̀.

Ó yẹ kí àwọn ilé iṣẹ́ gbọ́ èyí dáadáa. Ìpè tó ń dẹ́rù bani lè máa lé òṣìṣẹ́ rere sẹ́yìn, kó má sì jọ pé ohun kan bàjẹ́. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ti ń gbìyànjú láti tún un ṣe. Wọ́n ń fún ẹni tó ń wáṣẹ́ ní iṣẹ́ kékeré kan mú lọ sílé, kó ṣe é ní ìrọ̀rùn, kí wọ́n wá bá a sọ̀rọ̀ lórí ohun tó ṣe. Èyí náà ní wàhálà tirẹ̀, torí ẹni tó ní ọmọ ọwọ́ tàbí tó ń tajà lọ́sàn-án kò ní àyè bíi ti ẹni tó jókòó sílé. Ní ti ẹni tó ń wáṣẹ́, ohun tó ń ràn án lọ́wọ́ ni ìdánrawò. Kó wá ọ̀rẹ́ kan tí á máa bi í léèrè, kí ọ̀rẹ́ náà jókòó sí yàrá kejì, kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ìjókòó kan ṣoṣo kò tó. Ẹnu tí kò bá tíì mọ́ lára láti máa sọ ohun tó wà lọ́kàn kì í kọ́ ọ lọ́jọ́ kan.

Ọ̀rọ̀ èdè tún wà níbẹ̀, ó sì kan Igolo gan-an. Ọmọ tó kàwé níbí, èdè Faransé ló fi kà á. Ní IFRI ní yunifásítì Abomey-Calavi, ní IMSP ní Dangbo, ní Epitech tó wà ní Sèmè City ní Kútọnu, Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ni ní pàtàkì. Ìpè tó bá wá láti Paris tàbí Dakar kò ní ìṣòro. Ṣùgbọ́n èyí tó wá láti Èkó, London tàbí Amẹ́ríkà, Gẹ̀ẹ́sì ni. Ohun tí olùkọ́ pè ní "pile" ní kíláàsì, olùbéèrè á pè é ní "stack". Ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ ní "file", ẹni yẹn á pè é ní "queue". Ọmọ náà mọ ohun tí wọ́n ń sọ bí ẹni mọ owó, àmọ́ orúkọ tí kò gbọ́ rí á dá a dúró fún ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú yẹn á sì di ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí olùbéèrè á túmọ̀ sí àìmọ̀kan. Kí ni kó ṣe? Kó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé Faransé ni òun fi kàwé, pé bí orúkọ kan bá ṣàjèjì, òun á béèrè. Kó sì ti to àwọn orúkọ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn sórí bébà kan kí ìpè tó dé. Fóònù ni, kò sẹ́ni tó ń rí bébà náà.

Ti ohùn sísọ ńkọ́? Kí ẹnikẹ́ni má ṣe máa pa ohùn dà bíi ti òyìnbó. Kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yéni. Ohùn tí èèyàn fi ń ra ọjà ní Ìdí-Ìrókò ti tó, bí ó bá rọra ń sọ̀rọ̀, tí ó sì ń fi gbólóhùn kúkúrú sọ ọ́. Àwọn ọmọ Igolo tilẹ̀ ní àǹfààní tí ọmọ Kútọnu kò ní, torí láti kékeré ni wọ́n ti ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu àwọn tó ń kọjá bodè.

Bodè rán wa létí ìtàn kan tó kárí ayé ní ọdún 2017. Celestine Omin, ọmọ Nàìjíríà, ń kọ kóòdù fún Andela, ilé iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 2014 láti so àwọn oníkóòdù Áfíríkà pọ̀ mọ́ ilé iṣẹ́ òkè òkun. Ní oṣù kejì ọdún náà, ó gúnlẹ̀ sí pápákọ̀ òfuurufú JFK ní New York. Ó ti lo bí ọjọ́ kan gbáko lórí ìrìn. Àwọn aṣọ́bodè kò gbà pé oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni. Gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe sọ ọ́, wọ́n fún un ní bébà àti bírò, wọ́n ní kó dáhùn ìbéèrè méjì. Ọ̀kan nínú wọn ni pé kó kọ kóòdù tó máa fi hàn bóyá igi kan dọ́gba.

Igi wo nìyẹn? Ọ̀nà kan láti to ìsọfúnni ni. Gbòǹgbò rẹ̀ wà lókè, ẹ̀ka rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀. Oríta kọ̀ọ̀kan kò lè ní ju ẹ̀ka méjì lọ: èyí tó kéré lápá òsì, èyí tó tóbi lápá ọ̀tún. Igi náà dọ́gba tí ẹ̀gbẹ́ kan kò bá fi ju ìpele kan gùn ju èkejì lọ ní oríta èyíkéyìí. Ìbéèrè tó dáa ni fún ẹni tó sùn dáadáa, tó ṣe tán fún un. Ó ti rẹ Omin. Ó dáhùn bó ṣe lè dáhùn, wọ́n sì ní kò gbà á. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó jẹ́ kó wọlé, ó sì gbọ́ pé àwọn ilé iṣẹ́ tó ń bá ṣiṣẹ́ ni wọ́n kàn sí. Kò sí ìgbà tí kò mọṣẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe béèrè rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ó hàn.

Àwọn tí òkìkí wọn kàn gan-an náà sọ irú rẹ̀. Ní oṣù kan náà, David Heinemeier Hansson, tó dá Ruby on Rails, irinṣẹ́ kan fún ìkọ̀kóòdù, sílẹ̀, sọ ní gbangba pé bí wọ́n bá ní kí òun kọ ọ̀kan lára àwọn ọ̀nà ìto-nǹkan-lẹ́sẹẹsẹ tí wọ́n fi ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ sójú pátákó, òun máa kùnà. Ṣáájú rẹ̀, ní 2015, Max Howell, ẹni tó kọ ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ Homebrew, sọ pé Google kò gba òun, torí òun kò lè yí igi kan padà sójú pátákó. Bẹ́ẹ̀, ètò tí Howell kọ wà lórí kọ̀ǹpútà ọ̀pọ̀ oníkóòdù kárí ayé. Ẹni tó bá kùnà nínú ìpè kan kò tíì di aláìmọṣẹ́.

Ibo ni kí èèyàn ti gba ìpè náà ní Igolo? Ọjà kì í dákẹ́. Ọkọ̀ akẹ́rù ń kọjá lọ sí bodè, àwọn ọlọ́kadà ń fọn fèrè, àwọn tó ń ta bẹntiróòlù ń pe oníbàárà. Ariwo yìí máa ń wọ fóònù ju bí etí ṣe ń gbọ́ ọ lọ. Yàrá tó jìnnà sí títì, tí aṣọ wà ní fèrèsé rẹ̀, ló dára. Àfẹ̀mọ́jú àti alẹ́ náà dára bí olùbéèrè bá gbà. Kí àwọn ará ilé mọ̀ pé fún wákàtí kan, kí ẹnikẹ́ni má kanlẹ̀kùn. Níbi tó sún mọ́ bodè, fóònù tún lè fi nẹ́tíwọ́ọ̀kì Bẹ̀nẹ̀ sílẹ̀ kó lọ di ti Nàìjíríà mú. Kí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ yan èyí tó fẹ́ kó má bàa já láàárín ọ̀rọ̀. Kí bátìrì kún, torí iná lè lọ nígbàkígbà.

Íntánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ lè lọ. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, àwọn okùn abẹ́ òkun tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà já nítòsí Côte d'Ivoire. Bẹ̀nẹ̀ wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó kàn. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, kí ẹni tó ń wáṣẹ́ ti ní nọ́ńbà olùbéèrè lọ́wọ́, kó lè fi ìpè lásán sọ fún un. Ó ṣeé ṣe láti máa fẹnu ka kóòdù fún olùbéèrè láìsí ojú ìwé kankan. Ẹni tó ti mọ́ lára láti máa sọ ìrònú rẹ̀ síta kò ní rí i bíi nǹkan bàbàrà.

Ẹ̀tàn náà wà, ó sì yẹ ká fetí sí i. Àwọn kan ń ṣe bíi pé ilé iṣẹ́ ni àwọn. Ní ọdún 2023, ilé iṣẹ́ ààbò Palo Alto Networks tú àṣírí àwọn ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n so mọ́ Kòríà Àríwá. Wọ́n ń pe àwọn oníkóòdù fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, wọ́n á ní kí wọ́n gba kóòdù kan, kí wọ́n jẹ́ kó ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà wọn. Kóòdù náà ló ń jí nǹkan inú rẹ̀ kó. Kí a má ṣe jẹ́ kí kóòdù àjèjì ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tí nǹkan iyebíye wà. Ẹni tó bá sì béèrè owó kí ó tó fúnni níṣẹ́, olè ni.

Ní ti àwọn tó ń fi ChatGPT, ètò kọ̀ǹpútà tó ń fèsì ìbéèrè, pa mọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tí wọ́n ń ka ìdáhùn rẹ̀ jáde, ó sábà máa ń hàn. Ohùn ẹni tó ń kàwé yàtọ̀ sí ohùn ẹni tó ń ronú. Olùbéèrè á béèrè pé kí ló dé tí o fi yan ọ̀nà yìí, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ á ti dojú rú. Bí wọn ò tiẹ̀ rí i mú, iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ á sì tú àṣírí wọn.

Ìpè parí. Kí ló kù? Olùbéèrè sábà máa ń ní kí ẹni tó ń wáṣẹ́ béèrè tirẹ̀. Kí ó béèrè bí ọjọ́ iṣẹ́ wọn ṣe ń rí, ẹni tí òun á máa bá ṣiṣẹ́, bí wọ́n ṣe máa ń san owó fún ẹni tó wà ní Bẹ̀nẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìdúró. Ó lè jẹ́ ọjọ́ díẹ̀, ó lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kì í sọ ìdí tí wọn kò fi mú èèyàn, òmíràn kì í tilẹ̀ fèsì. Èyí kò dára. Ẹni tó fi wákàtí kan gbáko múra, tó fi wákàtí mìíràn dáhùn, yẹ fún gbólóhùn kan, ó kéré tán. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá ti kọjá láìsí èsì, kò burú kí ó kọ ìwé kúkúrú láti béèrè.

Ní alẹ́ ọjọ́ ìpè náà gan-an, kí ó kọ gbogbo ìbéèrè tó rántí sílẹ̀ kó tó sùn, àti ibi tí ẹnu rẹ̀ ti dákẹ́. Ilé iṣẹ́ púpọ̀ máa ń gba èèyàn láàyè láti padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà tàbí ọdún kan, ìbéèrè tó jọra ni wọ́n sì máa ń lò.